Apá Tí Kò Fẹ́ Jókòó Lára Ẹranko Inú Ìtàn

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Bí mo bá ti ka ìwé ìtàn àròsọ tán, mo máa ń ya àwọn ẹ̀dá abàmì inú rẹ̀. Èyí tí mo ń yà lọ́wọ́ jẹ́ ẹranko ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó ní apá méjì tó fi ń fò. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti yà á, síbẹ̀ ńṣe ni apá náà dà bí ohun tí wọ́n fi àtè lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Kí ni kí n ṣe? Ǹjẹ́ mo lè ta àwòrán náà?

ÌDÁHÙN: Ẹ má jáwọ́, nítorí ẹni tó ya nǹkan lẹ́ẹ̀mẹrin tó ṣì rí i pé ó kù díẹ̀ káàtó, ojú rẹ̀ ti là sí iṣẹ́ náà. Éjìká ni ìṣòro yín wà. Apá ẹyẹ, ọwọ́ iwájú rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àdán, tó jẹ́ pé ìka ọwọ́ rẹ̀ ló gùn gbọọrọ, tí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì so wọ́n pọ̀. Ẹranko yín ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, ó tún ní apá méjì, nítorí náà ó nílò éjìká kejì, ẹ sì gbọ́dọ̀ wá àyè fún un kí ẹ tó ya ìyẹ́ kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn díẹ̀ sí i, kí éjìká apá wà lẹ́yìn éjìká ẹsẹ̀ iwájú, kí àyà rẹ̀ sì nípọn, torí àyà ni iṣan tí ẹyẹ fi ń fò wà. Egungun ni kí ẹ kọ́kọ́ fi pẹ́ńsù yà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, kí iṣan tẹ̀ lé e, kí awọ tó dé. Níbi tí apá ti hù, ẹ jẹ́ kí awọ hunjọ díẹ̀, kí irun ibẹ̀ sì máa yí padà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di ìyẹ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ padà sínú ìwé náà, kí ẹ sì da gbogbo gbólóhùn tó kan ẹranko náà kọ sórí tákàdá, títí kan ohun tó ń jẹ àti ibi tó ń sùn. Bí òǹkọ̀wé bá ní inú ihò àpáta ló ń gbé, apá tí kò ṣe é ká kò ní jẹ́ kó wọlé. Ibi tí òǹkọ̀wé bá dákẹ́ sí, tiyín ni. Ní ọdún 1515, Albrecht Dürer, ayàwòrán ará Jámánì, gbẹ́ àwòrán àgbáǹréré láìfojú kan ẹranko náà rí. Àpèjúwe àti àwòrán ṣákálá nípa èyí tí wọ́n gbé dé Lisbon, ní orílẹ̀-èdè Pọ́túgà, ló gbára lé. Ó fi ìwo kékeré kan tí kò sí lára àgbáǹréré sí i lẹ́yìn, ó sì ya awọ rẹ̀ bí ẹ̀wù irin, síbẹ̀ àwọn ènìyàn ń dà á kọ fún ohun tó ju igba ọdún lọ. Lójú tèmi, bí awẹ́ ẹ̀wù irin náà ṣe wọnú ara wọn ní oríkèé ló mú kí wọ́n gbà á gbọ́.

Ní ti títà, ẹ ṣọ́ra. Ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé lórí iṣẹ́ rẹ̀ máa ń wà títí di àádọ́ta ọdún ó kéré tán lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, àádọ́rin sì ni ní àwọn mìíràn. Ẹ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó tẹ ìwé náà kí ẹ tó gba owó kankan. Orúkọ òǹkọ̀wé tí ẹ bá kọ sábẹ́ àwòrán yẹ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò dípò àṣẹ.