Màmá ní gilókómà: ṣé iṣẹ́ abẹ kátárátì kò ní ba ojú wọn jẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ẹni ọdún 68 ni màmá mi, ó sì ti pé ọdún 6 tí wọ́n ti ń kán oògùn gilókómà. Kátárátì ti wá bo ojú ọ̀tún wọn báyìí, ilé ìwòsàn sì ti dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún wọn. Ẹnìkan sọ fún wọn lọ́jà pé bí abẹ bá kan ojú tó ní gilókómà, fífọ́ ni yóò fọ́. Àbúrò mi ní tirẹ̀ gbà pé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, wọ́n á bọ́ lọ́wọ́ oògùn kíkán. Ta ló sọ òótọ́ nínú wọn?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú màmá. Gilókómà kò ní kí a má ṣe iṣẹ́ abẹ kátárátì, iṣẹ́ abẹ náà kò sì wo gilókómà sàn.

Ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àìsàn méjèèjì ń gbé nínú ojú. Lẹ́ńsì inú ẹyinjú ni kátárátì ń bà jẹ́: ohun tó mọ́ gaara bí omi òjò á wá dà bí omi ògì, ìmọ́lẹ̀ kò sì ní lè gbà á kọjá dáadáa mọ́. Gilókómà ní tirẹ̀, iṣan tó ń gbé ohun tí ojú rí lọ sí ọpọlọ ló ń pa díẹ̀díẹ̀, ìfúnpá omi inú ojú ló sì sábà máa ń fà á. A lè yọ lẹ́ńsì tó ti bà jẹ́ kí a fi àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣan tó ti kú kò ṣeé jí dìde. Nítorí náà, màmá lè tún máa rí ojú ọmọ-ọmọ wọn kedere, síbẹ̀ kí wọ́n má rí ọ̀kadà tó ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, bó bá jẹ́ pé gilókómà ti jẹ apá ibẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wọn sọ èyí kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé.

Lóòótọ́, iṣẹ́ abẹ yìí máa ń dín ìfúnpá ojú kù. Nínú oríṣi gilókómà tí ojú ọ̀nà tí omi inú ojú ń gbà jáde ṣí sílẹ̀, èyí tó wọ́pọ̀ jù láàárín wa, ìdínkù náà kì í sábà pọ̀, nǹkan bí 2 sí 4 mmHg (ìwọ̀n tí a fi ń ka ìfúnpá), kò sì tó ohun tí à ń torí ẹ̀ pa oògùn tì. Oríṣi tí lẹ́ńsì tó ti nípọn ti ń fún ojú ọ̀nà omi pa ló ń jàǹfààní jù, torí pé bí lẹ́ńsì náà bá ti kúrò, àyè yóò ṣí. Ẹ bi dókítà wọn pé irú èwo ni ti màmá.

Wákàtí 24 àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ló ń kọ mí lóminú jù. Nígbà iṣẹ́ abẹ, a máa ń fi nǹkan kan tó ń yọ̀ bí omi ilá sínú ojú kí àyè lè wà. Bí díẹ̀ bá ṣẹ́kù, ó lè dí ọ̀nà omi, kí ìfúnpá sì fò sókè. Ojú tí iṣan rẹ̀ ṣì lágbára á fara dà á, ṣùgbọ́n ojú tí iṣan rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lè pàdánù ìwọ̀nba tó kù. Nítorí náà, bó ti wù kí ojú náà mọ́ tó ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ gbé wọn padà lọ kí wọ́n gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ, kí a wọn ìfúnpá náà. Bí ọ̀nà bá jìn, ẹ wá ibi sùn sí nítòsí.

Oògùn sitẹ́rọ́ìdì (èyí tó ń mú kí ojú wíwú rọlẹ̀) tí a ń kán lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà lè gbé ìfúnpá sókè láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò sì ní dùn wọ́n rárá. Láàárín àwọn tó ní gilókómà ni èyí ti wọ́pọ̀ jù. Bí ọjọ́ tí dókítà dá fún un bá ti pé, ẹ má ra ìgò mìíràn ní kẹ́mísì. Oògùn gilókómà ni kí wọ́n máa kán lọ, àfi bí dókítà fúnra rẹ̀ bá ní kí wọ́n dá ọ̀kan dúró.

Ìbẹ̀rù ẹni ọjà yẹn ní orísun. Àwọn kan ń kiri láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ ti lẹ́ńsì wọnú ojú lọ, ọ̀pọ̀ ojú ló sì ti ipa bẹ́ẹ̀ fọ́. Ìyẹn kọ́ ni ilé ìwòsàn fẹ́ ṣe fún màmá. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ kó gbogbo ìgò oògùn wọn dání, ẹ sì sọ bí wọ́n bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ gilókómà rí, torí ó lè yí ètò padà.