Ajá tó ń yọ idà, àti ìyá tó ni orúkọ Dumas

Ìbéèrè

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Manchester la wà. Àkọ́bí mi, Tóbi, ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Láti ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ti bá a rí kàtúùnù àtijọ́ kan tó ń jẹ́ Dogtanian, ilé wa kò rójú mọ́. Ajá ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ọba inú rẹ̀, wọ́n dé fìlà tó ní ìyẹ́, wọ́n ń yọ idà. Orógùn mi ti di idà. Lọ́jọ́ Sunday, ìyá mi rí i lórí fóònù láti Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n ní: “Ajá wọ bàtà! Ṣé ohun tí ẹ fi ń tọ́ ọmọ lọ́hùn-ún nìyẹn?” N kò rí èsì fọ̀.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún dé. Ẹnìkan kọ ọ́ sórí WhatsApp ìdílé wa pé ènìyàn dúdú ló kọ ìtàn náà, pé ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú ni ìyá bàbá rẹ̀. Tóbi gbọ́, ó ní ṣé òótọ́ ni, mo kàn ń wò ó. World Book Day, ọjọ́ tí àwọn ọmọ ń múra bí ẹni inú ìwé, sì ń bọ̀ ní oṣù kẹta, ó ní d'Artagnan, akọni inú ìtàn náà, lòun máa jẹ́ lọ sílé ẹ̀kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ WhatsApp yẹn? Ṣé ìtàn náà dára fọ́mọdé? Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ fún un? Aṣọ wo ni kí n wá fún un?

Ìyá Tóbi

Ìdáhùn

Ìyá Tóbi, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Ẹ bá mi kí Màmá ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ rọra bi wọ́n léèrè: Ìjàpá tí wọ́n fi pàlọ́ fún àwọn náà, ṣebí ó fẹ́ Yánníbo, ó ní àna, ó sì máa ń jẹ gbèsè? Ajá tó wọ bàtà kò burú tó ìyẹn.

Ọmọ ọdún méje lèmi náà ní London nígbà tí BBC bẹ̀rẹ̀ sí fi Dogtanian hàn ní 1985. Bàbá mi ń kàwé lọ́sàn-án, ìyá mi ń ṣiṣẹ́ lóru, tẹlifíṣọ̀n ló ń bá mi ṣeré. Nígbà tí wọ́n kó wa padà sí Ìbàdàn, mo bá Tales by Moonlight lórí NTA, àwọn ọmọdé jókòó yí alápàlọ́ ká. N kò mọ ìyàtọ̀ kankan láàrin méjèèjì nígbà náà. Birmingham ni mo wà báyìí, mo bí obìnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àti ọkùnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé yín ti ṣẹlẹ̀ nílé wa.

Ọ̀rọ̀ WhatsApp yẹn, ìdajì rẹ̀ jẹ́ òótọ́, wọ́n fi iyọ̀ sí ìdajì kejì. Alexandre Dumas lẹni tó kọ Les Trois Mousquetaires (Ẹ̀ṣọ́ Ọba Mẹ́ta), ìtàn tí wọ́n sọ di Dogtanian. Wọ́n bí i ní 1802 ní Villers-Cotterêts, ìlú kékeré kan nílẹ̀ Faransé. Marie-Cessette ni ìyá bàbá rẹ̀, obìnrin dúdú, ẹrú ni ní Saint-Domingue, ibi tó di Haiti lónìí. Pé ìran Áfíríkà ni, kò sí iyàn nínú ìyẹn. Pé Yorùbá ni, kò sí ẹ̀rí kankan tó dájú. Ẹ má jẹ́ kí Tóbi lọ fi ìyẹn yangàn ní kíláàsì.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìtàn tó dùn mí wà. Ìjòyè Faransé kan, marquis Davy de la Pailleterie, ló bí ọmọ pẹ̀lú obìnrin yìí, Thomas-Alexandre lorúkọ ọmọ náà. Nígbà tí marquis fẹ́ padà sílé, tí kò lówó ọkọ̀, ó ta ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀, pẹ̀lú àdéhùn pé òun máa rà á padà. Àwa tí a mọ ohun tó ń jẹ́ ìwọ̀fà lè rò pé ohun kan náà ni. Rárá o. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú, ẹrú sì ni ọmọ yìí títí wọ́n fi rà á padà, tó dé Faransé ní 1776. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ó fẹ́ wọṣẹ́ ológun, láti ìsàlẹ̀ pátápátá. Bàbá rẹ̀ fárígá: orúkọ ìdílé òun kò ní wà láàrin àwọn ọmọ ogun lásán. Ọmọ bá fi orúkọ yẹn sílẹ̀ fún un, ó mú orúkọ ìyá rẹ̀. Dumas. Orúkọ yẹn ló jẹ́ nígbà tó di ọ̀gágun ní 1793.

Òun ni bàbá òǹkọ̀wé. Ó kú ní 1806, ọmọ náà kò tíì pé ọdún mẹ́rin.

Nítorí náà, orúkọ tó wà lára ìwé, tó wà nínú fíìmù, tó wà lára ibojì ní Panthéon ní Paris, ibi tí Faransé ń sin àwọn ẹni ńlá wọn sí, níbi tí wọ́n gbé òkú Dumas lọ tayọ̀tayọ̀ ní 2002, orúkọ ìyá tó jẹ́ ẹrú ni. Ti marquis kò sí níbẹ̀. Ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún Tóbi. Tí ẹ bá kàn ní “ènìyàn dúdú ló kọ ọ́”, ó máa ní “óò”, ó máa padà sídìí idà rẹ̀. Àmọ́ ọmọ tí wọ́n ń kì lóríkì láràárọ̀ mọ ohun tí orúkọ jẹ́. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ọmọbìnrin mi, ó ní kí n tún orúkọ ìyá yẹn pè. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí ní ìbéèrè tó le: kí ló dé tí ọkùnrin yìí kò kọ ìtàn ènìyàn dúdú? Mo ní ó kọ ọ́. Georges lorúkọ ìwé náà, ó jáde ní 1843, ọdún kan ṣáájú ti àwọn ẹ̀ṣọ́ ọba, ìtàn ọmọkùnrin kan tó ní ẹ̀jẹ̀ ènìyàn dúdú lára ní erékùṣù Mauritius. Kò sí ẹni tó fi ṣe kàtúùnù rí tí mo mọ̀. Ojú rẹ̀ kò dùn sí ìyẹn, ojú tèmi náà kò dùn.

Ẹ ò bi mí, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́, nítorí ó ti ń jẹ mí lẹ́nu: kí ló dé tó jẹ́ Dumas ni kàtúùnù àti ọmọlangidi ń tọ̀ lẹ́yìn bẹ́ẹ̀? Lójú tèmi, ọ̀nà tó gbà kọ ọ́ ni. Díẹ̀díẹ̀ ni ìtàn náà jáde nínú ìwé ìròyìn Le Siècle, láti oṣù kẹta sí oṣù keje 1844, Auguste Maquet sì bá a kọ ọ́. Ẹni tó bá ka ti òní, ó di dandan kó ra ti ọ̀la. Ẹ wo bí kàtúùnù ṣe máa ń dúró níbi tí idà ti fẹ́ kan ọrùn. Eré orí ìtàgé ló sì ti sọ Dumas di olókìkí kó tó dé ìdí ìtàn àròsọ, ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn inú ìwé rẹ̀ kì í fi í pa ẹnu mọ́.

Ọmọlangidi wá ni tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ojú ọmọlangidi kì í yí padà. Bí wọ́n ṣe gbẹ́ ẹ ló máa wà. Ìtàn tó bá máa bá a mu gbọ́dọ̀ ní àwọn ènìyàn tí a mọ̀ láti òkèèrè: Athos onírònú, Porthos abara-gàgà tó fẹ́ràn àṣejù, Aramis tó ń sọ pé òun máa di àlùfáà, d'Artagnan tí inú ń tètè bí. Wọ́n ti gbẹ́ ojú wọn tán láti inú ìwé. Àwọn ará Japan mọ̀ bẹ́ẹ̀. Láàrin 2009 sí 2010, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n NHK fi ọmọlangidi ṣe ìtàn náà, apá 40, Kōki Mitani ló kọ ọ́. (Kí a má sọ pé nǹkan àjèjì ni ère tó ń mira. Ẹni tó bá ti wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní apá Kétu ti rí ère kéékèèké lórí agọ̀ tí wọ́n ń fi okùn fà.) Dogtanian fúnra rẹ̀, Claudio Biern Boyd ará Sípéènì ló dá a sílẹ̀, ilé iṣẹ́ Japan kan ló yà á, 1981 ló kọ́kọ́ jáde, apá 26. Wọ́n tún ṣe fíìmù rẹ̀ ní 2021, àwọn ọmọ mi fẹ́ràn rẹ̀, èmi fẹ́ràn ti àtijọ́.

Tom àti Jerry náà jẹ níbẹ̀, ní 1952, eré náà sì gba Oscar. Ẹ ṣọ́ra fún òpin rẹ̀: wọ́n fi ẹ̀rọ ìbẹ́rí (guillotine) bẹ́ orí Tom, a kò kàn rí òun fúnra rẹ̀ níbẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu, nítorí 1625 ni ìtàn Dumas bẹ̀rẹ̀, 1792 ni wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ẹ̀rọ ìbẹ́rí yẹn pa ènìyàn nílẹ̀ Faransé.

Ṣé ó dára fọ́mọdé? Kàtúùnù, bẹ́ẹ̀ ni. Ìwé gan-an, ẹ jẹ́ kó dàgbà díẹ̀. Ìyàwó oníyàwó ni d'Artagnan ń fẹ́ nínú ìwé, Milady, ọ̀tá wọn, sì fún obìnrin náà ní májèlé jẹ, ó kú. Wọ́n wá bẹ́ orí Milady. Nínú kàtúùnù, ológbò ni Milady, omidan ni ọ̀rẹ́bìnrin náà, kò sì kú. Ohun tí kò jẹ́ kí inú mi dùn sí ìwé náà jùlọ kì í tilẹ̀ ṣe ẹ̀jẹ̀. Athos tí gbogbo ayé ń yìn máa ń lu Grimaud, ìránṣẹ́ rẹ̀, tí Grimaud bá ṣi ìfọwọ́júwe rẹ̀ gbọ́. Ọmọ ọmọ ẹrú ló kọ ọ́, ó sì kọ ọ́ bí ẹni ń dápàárá. Tí Tóbi bá dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹ jókòó tì í.

Ní tiwa, àlọ́ ni mo fi ṣe. “Àlọ́ o!” “Àlọ̀!” Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóò, ó dá lórí ọmọkùnrin kan tó gun ẹṣin aláwọ̀ ìyeyè wọ ìlú, gbogbo ayé ń fi í rẹ́rìn-ín. Láàrin ọjọ́ kan ó gbá Athos léjìká, ó kó sínú aṣọ Porthos, ó tú àṣírí Aramis, àwọn mẹ́ta bá pè é níjà: aago méjìlá, aago kan, aago méjì. Ẹ dúró níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n lọ sùn. Wọ́n máa bẹ̀ yín. Ìbọ̀sẹ̀ tí kò ní èkejì la fi ṣe ọmọlangidi, bọ́tìnì lójú, àjákù gèlè ìyàwó mi lórí Milady. Ọmọkùnrin mi ti kọ́ “ọ̀kan fún gbogbo, gbogbo fún ọ̀kan” ní Yorùbá. Nínú ìwé, d'Artagnan ló sọ ọ́, kò sì dún lẹ́nu wọn tó bẹ́ẹ̀. Kàtúùnù ló sọ ọ́ di orin. Tí àwo bá délẹ̀ láti fọ̀, ọ̀kan náà nìkan ló máa ń kù.

Ó ku aṣọ. Èmi rò pé kí ó jẹ́ Porthos. Porthos ní ìgbànú idà kan tó máa ń gbé kọ́ èjìká, wúrà ni iwájú rẹ̀, ó ń dán gbinrin, gbogbo ẹgbẹ́ ń wò ó. Awọ lásán ló wà lẹ́yìn, owó kò tó. Ìdí nìyẹn tó fi da aṣọ ńlá bo ẹ̀yìn, tó ń húkọ́, tó ní òtútù ń mú òun. Tí àjákù aṣọ òkè ayẹyẹ kan bá wà nílé, ẹ rán an sí iwájú nìkan. Tí olùkọ́ bá ní kó bọ́ aṣọ tó dà bo ẹ̀yìn, kó húkọ́.

Bàbá Ìrètí, Birmingham