"Dísù kì í kú": ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Houston níbí ni mò ń gbé. Mo máa ń ra ọkọ̀ tó ti ní jàǹbá ní gbàǹjo ní Dallas àti San Antonio, màá tún un ṣe, màá sì fi ránṣẹ́ sí Èkó. Owó tí àwọn tó ń bá mi wọ́ wọn wálé ń gbà ti pọ̀ jù, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ra píkọ́ọ̀pù dísù tèmi. Dọ́là 15,000 ni gbogbo owó ọwọ́ mi. Mo rí Ford F-250 ọdún 2006 kan, ẹ́ńjìnnì lítà 6.0, máìlì 238,000, dọ́là 9,500 ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó ni ín sọ pé dísù kì í kú, pé máìlì mílíọ̀nù kan kò tó nǹkan lójú rẹ̀, àti pé àwọn ti "delete" rẹ̀, ìyẹn ni pé wọ́n ti yọ ohun tó ń dín èéfín rẹ̀ kù. Mo tún rí F-250 ọdún 2012 ní dọ́là 14,800. Èwo ni kí n mú nínú méjèèjì?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, má mú ìkankan. Kí n tó sọ ìdí rẹ̀, ọkọ̀ mélòó lo fẹ́ máa wọ́ lẹ́ẹ̀kan? Mo ka lẹ́tà rẹ títí, n kò rí i níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Tó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ni, o ò nílò dísù rárá. Camry kan wúwo tó nǹkan bíi pọ́ùn 3,400. Tírélà onírin tí a ń so mọ́ ìdí ọkọ̀, èyí tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 18, wúwo tó nǹkan bíi 2,000. Àpapọ̀ wọn kò pé 6,000. F-250 tó ń lo bẹntiróòlù, oní-6.2 tí Ford bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fún ọdún 2011, yóò wọ́ ọ láti Dallas dé Houston wẹ́rẹ́. Silverado 2500 ti Chevrolet, oní-6.0 tó ń lo bẹntiróòlù, náà yóò ṣe é. Ọ̀nà máìlì 240 ni, ó tẹ́jú, kò sí òkè kankan tí yóò dán ẹ́ńjìnnì wò. Epo rẹ̀ yóò lọ ju ti dísù lọ, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n bó bá bàjẹ́, mẹkáníìkì tó wà ládùúgbò rẹ lè tún un ṣe, iye tí yóò sì gbà kò ní lé ọ kúrò nídìí òwò.

Ẹni tó ń wọ́ méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ni dísù wà fún. Ó ṣeé ṣe kí o jẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, nítorí náà màá dáhùn bíi pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ "dísù kì í kú" yìí ti sú mi. Àwọn tó ń fi ẹnu wọn sọ ọ́ ni ọkọ̀ ẹlòmíràn ń wọ́ dísù tiwọn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Òótọ́ wà nídìí rẹ̀ nígbà kan o. Ẹ́ńjìnnì Cummins 5.9 tí Dodge lò láti 1989, pàápàá ti ìgbà tí ó ṣì ní fáàfù 12 títí di 1998, iṣẹ́ oko àti iṣẹ́ líle ni wọ́n dìídì ṣe é fún. Irin rẹ̀ nípọn, gíà ẹ́ńjìnnì ló ń yí pọ́ńpù epo rẹ̀, kò sí kọ̀ǹpútà tó ń dá sí i. 7.3 tí Navistar ṣe fún Ford láti 1994 sí 2003 náà jẹ́ ẹlẹ́mìí gígùn. Agbára wọn kò pọ̀, ariwo wọn pọ̀, wọ́n sì pẹ́ láyé. Àwọn wọ̀nyẹn ló gba orúkọ. Àwọn tó dé lẹ́yìn wọn kàn ń jẹ orúkọ náà ni.

Láti 2007 ni òfin èéfín Amẹ́ríkà ti le sí i, tí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ sì fi DPF sí sàlẹ́ńsà, ìyẹn asẹ́ tó ń gba èéfín dúdú mú kó má bàa jáde. Nígbà tó yá, wọ́n fi táńkì DEF kún un, ìyẹn omi tí wọ́n ń fín sínú èéfín kí oró rẹ̀ lè dín kù. Lóòótọ́, bulọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì náà lè má kú. Ohun tó yí i ká ló ń kú, òun náà ló sì ń jẹ owó.

Wo 2012 tí o rí yẹn. Pọ́ńpù epo tí wọ́n ń pè ní CP4, tí Bosch ṣe, ló wà nínú rẹ̀. Dísù tó ń gba inú pọ́ńpù náà kọjá ni ọ́ìlì rẹ̀, kò ní òmíràn. Bí omi bá wọnú epo, bí ẹnìkan bá ṣèèṣì rọ bẹntiróòlù sí i, tàbí tí afẹ́fẹ́ bá wọlé, irin inú rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ha ara wọn. Àfọ́kù irin yóò sì bá epo lọ sínú gbogbo injector (ẹnu tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì), títí dé páìpù àti táńkì. Pọ́ńpù nìkan kọ́ ni wàá pààrọ̀, gbogbo ọ̀nà epo ni. Owó rẹ̀ lè kọjá dọ́là 8,000. Ẹ́ńjìnnì dísù Duramax tí GM ṣe láti 2011 sí 2016 ní pọ́ńpù yìí kan náà. Ram, tó ń jẹ́ Dodge tẹ́lẹ̀, fi í sí tiwọn ní 2019 àti 2020, wọ́n sì ní láti pe àwọn ọkọ̀ náà padà kí wọ́n lè yọ ọ́ kúrò. N kò sọ pé gbogbo wọn ló ń bàjẹ́, ọ̀pọ̀ ń rìn lọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé tí o bá ra ọkọ̀ yẹn, dọ́là 200 ló kù lápò rẹ. Bátìrì méjì ló ń lò, 200 yẹn kò sì ní ra méjèèjì.

DPF ńkọ́? Ó máa ń kún, ẹ́ńjìnnì á wá da epo sí i láti mú sàlẹ́ńsà gbóná gidigidi kí ìdọ̀tí inú rẹ̀ lè jóná. Eré gígùn lórí márosẹ̀ ló nílò fún ìyẹn. Bó bá jẹ́ pé ìwọ àti àwọn ọmọ lẹ ó máa gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìwé láàárín ọ̀sẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ìṣẹ́jú mẹ́wàá bọ̀, kò ní ráyè jó ìdọ̀tí yẹn tán láé. Bẹ́ẹ̀ ni asẹ́ olówó ńlá ṣe ń dí.

Ibi tí àwọn oníjìbìtì ti ń wọlé nìyí. Wọn á ní kí o gé e sọnù, kí o yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ padà, pé ìyẹn ni "delete", pé yóò wá pẹ́ bíi ti àtijọ́. Wọn á tún fi kún un pé Texas kì í yẹ èéfín dísù wò. Òótọ́ ni pé àyẹ̀wò èéfín ti Texas yọ dísù sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Clean Air Act jẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀, ó sì ka gígé nǹkan wọ̀nyí léèwọ̀. Ẹni tó bá ọ gé e rú òfin. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù tó ń ṣe iṣẹ́ wọn dáadáa kò sì ní fọwọ́ kan ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi náà kì í fọwọ́ kàn án. Ohun tí wọn kì í sọ fún ọ ni pé ẹni tó yí kọ̀ǹpútà yẹn sábà máa ń fi agbára kún ẹ́ńjìnnì, gíà ló sì máa ń jìyà rẹ̀. Tí ọkọ̀ kan bá ti gba "delete", wò ó bíi pé ẹnìkan ti sá eré àsápajúdé pẹ̀lú rẹ̀.

Ní ti 6.0 ọdún 2006 yẹn, kò tiẹ̀ ní DPF tí wọ́n lè gé. EGR ni wọ́n yọ, ìyẹn páìpù tó ń dá díẹ̀ nínú èéfín padà sínú ẹ́ńjìnnì, pẹ̀lú ohun tó ń fi omi mú un tutù. Àìsàn 6.0 kò sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ohun tó ń mú ọ́ìlì tutù ló kọ́kọ́ máa ń dí, omi kò ní ráyè dé ọ̀dọ̀ EGR mọ́, EGR á bẹ́, omi á wọ inú ẹ́ńjìnnì, bóòtù tó di tọ́ọ̀pù mú á nà, gásíkẹ́ẹ̀tì á jó. Yíyọ EGR láìpààrọ̀ èyí tó ń mú ọ́ìlì tutù kò wo àìsàn náà sàn. A lè tún 6.0 ṣe kó dára, mo ti rí èyí tó ń ṣiṣẹ́ kára. Ṣùgbọ́n rìsíìtì iṣẹ́ náà ni kí wọ́n fi hàn ọ́, kì í ṣe ẹnu lásán.

Èwo wá ni kí o wá? Ram 3500 ti 2003 sí 2007 tó ní Cummins 5.9, tó bá ṣeé ṣe kí ó jẹ́ onígíà àfọwọ́yí, nítorí gíà tó ń yí fúnra rẹ̀ lára wọn kò lágbára tó ẹ́ńjìnnì náà. Duramax ti 2006 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2007, tí wọ́n ń pè ní LBZ, dára gan-an, gíà Allison rẹ̀ sì lágbára, àmọ́ gbogbo ayé ló mọ̀, owó rẹ̀ kì í wálẹ̀. Owó Duramax 2001 sí 2004 a máa dín díẹ̀ sí ti LBZ, ṣùgbọ́n injector mẹ́jọ̀ọ̀jọ rẹ̀ ló sábà máa ń bàjẹ́. Bí kò bá sí ìwé pé wọ́n ti pààrọ̀ wọn, kọjá lọ. Má ná ju 11,000 lọ lórí ríra rẹ̀. Èyí tó kù, àtúnṣe ló wà fún, yóò sì tán. Ọkọ̀ tó bá ti ìpínlẹ̀ tí yìnyín ti ń já bọ́ wá, níbi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì, bẹ abẹ́ rẹ̀ wò dáadáa: irin tí ìpata ti jẹ kò ṣeé so ẹrù mọ́.

Nígbà tí o bá lọ wò ó, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù. Fọwọ́ kàn án. Bí wọ́n bá ti tan án sílẹ̀ dè ọ́, nǹkan kan ni wọ́n ń bò mọ́lẹ̀, padà sílé. Èéfín funfun tó kọ̀ tí kò lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ kò dára. Ṣí ìdérí ibi tí a ń rọ ọ́ìlì sí nígbà tó ń ṣiṣẹ́, kí o gbé e lé ihò náà láìdé e: bí atẹ́gùn bá tì í dànù, ríìngì ti jẹ. Tẹ hóòsì omi radiétọ̀ láàárọ̀ kí wọ́n tó tan ọkọ̀. Bó bá le gbagidi, gásíkẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù ni kí o fura sí. (Má ṣí radiétọ̀ tó gbóná o, yóò bó ọ.) Bí ó bá ní mítà tó ń ka wákàtí tí ẹ́ńjìnnì ti ṣiṣẹ́, fi wákàtí pín máìlì. Ọkọ̀ tó rin 150,000 máìlì ní wákàtí 3,500 jẹ́ ọkọ̀ márosẹ̀. Èyí tó rin iye kan náà ní wákàtí 7,500, ó dúró sójú kan jó epo ju bó ṣe rìn lọ. Lẹ́yìn náà, so tírélà ẹlẹ́rù mọ́ ọn kí o wà á. Ẹni tó bá kọ̀ kí o so ó, òun náà mọ ohun tó mọ̀.

Wo ìwé tó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn awakọ̀ pẹ̀lú. Iye ẹrù tí ọkọ̀ lè gbé sẹ́yìn wà níbẹ̀. Lára àwọn tó ti pẹ́, GVWR nìkan lo máa rí, ìyẹn ìwúwo tí ọkọ̀ àti ẹrù orí rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá. Tírélà gígùn tí a ń so mọ́ àárín ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù (gooseneck), tó gbé ọkọ̀ méjì, lè wúwo tó pọ́ùn 15,000, nǹkan bí ìdá márùn-ún rẹ̀ ni yóò sì jókòó sórí píkọ́ọ̀pù, ìyẹn 3,000. Ọ̀pọ̀ F-250 onídísù kò lè gbé ìyẹn, torí ẹ́ńjìnnì dísù fúnra rẹ̀ ti wúwo. Ìdí nìyẹn tí mo fi pe 3500, n kò pe 2500, èyí tó jẹ́ ẹgbẹ́ F-250.

Mẹkáníìkì ni mí, n kì í ṣe agbẹjọ́rò. Ṣùgbọ́n bí òwò rẹ bá ń kọjá ìpínlẹ̀, tí ìwúwo tí wọ́n kọ fún ọkọ̀ àti tírélà pa pọ̀ sì ju pọ́ùn 10,000 lọ, lọ béèrè nípa nọ́ńbà USDOT, èyí tí ìjọba àpapọ̀ ń fún àwọn tó ń fi ọkọ̀ kẹ́rù fún òwò. Bó bá dé 26,001, tí tírélà nìkan sì kọjá 10,000, ìwé àṣẹ CDL ló kàn, ìyẹn ìwé àṣẹ ìwakọ̀ fún ọkọ̀ òwò ńlá. Pe àwọn ìnṣọ́ránsì rẹ náà kí o tó wọ́ ọkọ̀ àkọ́kọ́, torí ọ̀pọ̀ ìwé tí a gbà fún ọkọ̀ ilé kì í san kọ́bọ̀ lórí ọkọ̀ òwò tó bá já bọ́ láti orí tírélà.