Bàtà Aṣọ Ìmòòkùn: Èwo Ni Kí N Yàn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. Ẹja àrọ̀ ni mo ń sìn ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n sì ti gbà mí sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Skọ́tlándì láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sin ẹja salmon nínú àwọ̀n ńlá lójú òkun. A óò máa mòòkùn láti yẹ àwọ̀n náà wò, wọ́n sì ní kí n ra drysuit, ìyẹn aṣọ ìmòòkùn tí kì í jẹ́ kí omi kan ara. Irú kan ní bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ ni òmíràn ní, tí èèyàn yóò wá wọ bàtà lé e. Èwo ni kí n mú? Ṣé bàtà òjò tí mo fi ń wọ adágún ẹja mi kò lè tó? — Asìnja, Ọjà Jagun.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú oríire. Bàtà òjò yín kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí pé omi yóò kún inú rẹ̀ gbàrà tí ó bá ti mù ún dé ẹnu, nígbà tí ó jẹ́ pé wọ́n lẹ bàtà tàbí ìbọ̀sẹ̀ drysuit mọ́ ṣòkòtò aṣọ náà pinpin. Ní ìgbà òtútù, òkun Skọ́tlándì a máa tutù tó nǹkan bíi 7°C, omi sì ń fa ooru kúrò lára ní nǹkan bí ìlọ́po 25 ju bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fà á lọ.

Bàtà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ aṣọ yá láti wọ̀, ó sì lágbára, ṣùgbọ́n bí ó bá tóbi jù, kò sí okùn tí a ó fi fún un. Èyí tí ó ní ìbọ̀sẹ̀ ni èmi yóò gbà yín níyànjú láti mú, nítorí pé okùn bàtà tí ẹ ó wọ̀ lé e yóò di ọrùn ẹsẹ̀ mú, bí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bá sì jẹ, bàtà nìkan ni ẹ ó pààrọ̀.

Ohun tí ó ká mi lára jù ni àyè tí ó bá ṣófo nínú bàtà. Afẹ́fẹ́ wà nínú drysuit, ibi tí ó bá sì ga jù lára èèyàn ni ó ń sá lọ. Bí amòòkùn bá dorí kodò, ẹsẹ̀ ni yóò gbà á. Bí bàtà bá tóbi, yóò wú, ẹsẹ̀ lè yọ kúrò nínú rẹ̀, lẹbẹ rọ́bà tí a fi ń wẹ̀ sì lè bọ́ sọnù. Afẹ́fẹ́ tí ó wà nínú aṣọ ní mítà 10 yóò di ìlọ́po méjì bí ó bá fi dé ojú omi, bẹ́ẹ̀ sì ni apá òsì, nítòsí èjìká, ni fáàfù tí ń tú u jáde sábà máa ń wà, tí kò fi lè rí ti ẹsẹ̀ tú. Báyìí ni omi ṣe lè ta èèyàn sókè tẹsẹ̀-tẹsẹ̀, kí ó sì ṣe ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ léṣe. Ẹni tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí yóò ká orúnkún mọ́ àyà, yóò yí ara rẹ̀ padà kí orí lè wà lókè, yóò sì ṣí fáàfù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́ èyí lọ́dọ̀ olùkọ́ nínú odò ìlúwẹ̀ẹ́ kí ẹ tó wọ òkun. Àwọn kan a máa so òjé mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kò wo bàtà tí ó tóbi sàn, ó sì ń dá ẹsẹ̀ lágara.

Ẹ má sì torí èyí ra èyí tí ó fún pinpin. Ìbọ̀sẹ̀ nínípọn tí a ń wọ̀ sínú aṣọ náà nítorí òtútù kò lè mú ooru dúró mọ́ bí bàtà bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní rìn dáadáa dé ọmọ ìka. Ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ ó wọ̀ sínú omi gan-an ni kí ẹ fi dán bàtà wò nínú ṣọ́ọ̀bù: ẹ lóṣòó, ẹ kúnlẹ̀, ẹ nàró lórí ìka ẹsẹ̀. Kí ìka lè mira, kí gìgísẹ̀ má sì gbéra. Ẹ̀yìn èyí ni kí ẹ tó ra lẹbẹ, kí ó jẹ́ èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí tí ó ní okùn, nítorí pé bàtà yìí máa ń tóbi ju ẹsẹ̀ lásán lọ dáadáa.

Bí ẹ bá jáde nínú omi iyọ̀, ẹ fi omi tútù lásán ṣan bàtà àti aṣọ, kí ẹ gbé wọn kọ́ síbi tí oòrùn kò ti ní pa rọ́bà wọn, kí inú bàtà sì gbẹ kí ẹ tó kó wọn pamọ́.