Ṣé ká gba ṣọ́ọ̀bù ọdún márùn-ún nílùú tó ń jẹun lórí èédú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Hendrina, ní ìpínlẹ̀ Mpumalanga ní Gúúsù Áfíríkà, ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. A ń ta prófíṣọ̀n, a sì ń se oúnjẹ tà. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn oníbàárà wa ló ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó amúnáwá tó wà lágbègbè wa tàbí níbi tí wọ́n ti ń wa èédú. Lanlọ́ọ̀dù fẹ́ ká tọwọ́ bọ̀wé ọdún márùn-ún. Àmọ́ a rí bí ọjà ṣe rí ní Komati lẹ́yìn tí wọ́n ti ibùdó tiwọn pa. A tún ń gbọ́ pé àwọn ìlú òyìnbó fún ìjọba ní bílíọ̀nù mẹ́jọ àbọ̀ dọ́là kí wọ́n lè fi èédú sílẹ̀. Ṣé owó yẹn máa kàn wá? Ṣé ká tọwọ́ bọ̀wé?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ bá mi kí ọkọ yín. Ẹ má tọwọ́ bọ ìwé ọdún márùn-ún tí kò fún yín láyè àtijáde. Ẹ bẹ lanlọ́ọ̀dù kó jẹ́ ọdún méjì-méjì, tàbí kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé tí ibùdó bá dáwọ́ iṣẹ́ dúró, ẹ lè fún un ní ìkìlọ̀ oṣù mẹ́ta kí ẹ sì kó jáde láìsan owó ìyókù. Ní ti owó òyìnbó, ẹ má kà á mọ́ owó tí ẹ ń retí rárá.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, níbi ìpàdé àgbáyé lórí ojú ọjọ́ ní Glasgow, ilẹ̀ Faransé, Jámánì, Bìrìtéènì, Amẹ́ríkà àti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣèlérí bílíọ̀nù 8.5 dọ́là fún Gúúsù Áfíríkà. Ẹ̀yáwó ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èyí tí wọn kò ní san padà kéré gan-an. Ètò tí ìjọba fúnra rẹ̀ gbé jáde ní 2022 sọ pé láàárín 2023 sí 2027, nǹkan bí bílíọ̀nù 98 dọ́là ni iṣẹ́ náà máa gbà. Ìlérí Glasgow kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Nígbà tó sì di oṣù kẹta 2025, Amẹ́ríkà jáde kúrò nínú àdéhùn náà, ó sì mú ohun tó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là tó ṣèlérí lọ. Àwọn yòókù ṣì wà níbẹ̀. Wáyà tó ń gbé iná, iná oòrùn àti irú iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ ni owó wọn ń lọ sí. Mi ò mọ ọ̀nà kan nínú rẹ̀ tó gba ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kọjá.

Komati gan-an ni kí ẹ wò dáadáa, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ sí yín. Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 2022 ni Eskom, ilé iṣẹ́ iná mànàmáná ìjọba, pa ẹ̀rọ tó gbẹ̀yìn nínú mẹ́sàn-án tó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n pa á tán, ní oṣù kọkànlá, ni Báńkì Àgbáyé tó fọwọ́ sí mílíọ̀nù 497 dọ́là láti sọ ibẹ̀ di ibùdó iná oòrùn mẹ́gáwáàtì 150, iná afẹ́fẹ́ mẹ́gáwáàtì 70, àti bátìrì tó ń tọ́jú iná pa mọ́. Mílíọ̀nù mẹ́wàá péré nínú owó yẹn ni ọ̀fẹ́. Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ó: iṣẹ́ àtijọ́ parí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ tuntun. Èyí ló ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé wọ́n mọ̀ tipẹ́ pé ọjọ́ náà ń bọ̀.

Àwọn tó jẹ́ òṣìṣẹ́ Eskom gan-an rí ibùdó mìíràn gbé wọn lọ. Àwọn tó wà lábẹ́ kọ́ńtírákítọ̀ kò rí ibì kankan lọ nígbà tí iṣẹ́ wọn parí. Lójú ọlọ́jà, ọ̀kan náà ni méjèèjì. Ẹni tí wọ́n gbé lọ kó ìyàwó àti ọmọ dání, ẹni tó dúró kò ní owó lọ́wọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iná oòrùn fi yín lọ́kàn balẹ̀ lórí ọjà. Ó ń gba ọ̀pọ̀ èèyàn nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ ọ lọ́wọ́. Tí wọ́n bá ti kọ́ ọ tán, ìwọ̀nba èèyàn ló ń ṣọ́ ọ.

Ibùdó tiyín ṣì ní àyè díẹ̀. Nítorí àìtó iná tó yọ gbogbo orílẹ̀-èdè lẹ́nu, ní 2024, ìgbìmọ̀ Eskom gbà pé kí Hendrina, Camden àti Grootvlei máa ṣiṣẹ́ títí di 2030 dípò kí wọ́n tètè tì wọ́n. Àyè yẹn kì í ṣe ìlérí o. Ibùdó tó ti ń ṣiṣẹ́ látọdún 1970 lè máa dín ẹ̀rọ kù lọ́kọ̀ọ̀kan kí ọjọ́ náà tó pé, oníbàárà á sì máa dín pẹ̀lú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ bi àwọn oníbàárà yín pé ẹ̀rọ mélòó ló ń ṣiṣẹ́ báyìí, àti ìgbà tí kọ́ńtíráàtì wọn máa parí.

Àwọn tó ń wa èédú yàtọ̀ díẹ̀. Ẹ béèrè bóyá Eskom ni wọ́n ń tà fún tàbí wọ́n ń kó o lọ sí èbúté Richards Bay fún ilẹ̀ òkèèrè. Ní 2022, nígbà tí Yúróòpù fòfin de èédú Rọ́ṣíà nítorí ogun Ukraine, ó ra ti Gúúsù Áfíríkà gan-an ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Irú ọjà bẹ́ẹ̀ lè gbóná lọ́dún kan kó sì tutù lọ́dún kejì, ẹ má fi gbé àwìn ńlá.

Mi ò lòdì sí fífi èédú sílẹ̀. Ní oṣù kẹta 2022, ilé ẹjọ́ gíga ní Pretoria dá a pé afẹ́fẹ́ tí ẹ ń mí sínú lágbègbè yín tí wọ́n ń pè ní Highveld lòdì sí ẹ̀tọ́ yín lábẹ́ òfin orílẹ̀-èdè náà. Èéfín náà ń pa ọmọdé lára. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn tó ń yá ìjọba lówó gbà ni pé kí iṣẹ́ tuntun ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó ti ibùdó kankan pa, kí wọ́n sì ka àwọn ọlọ́jà mọ́ àwọn tó pàdánù.

Tí ọmọ yín kan bá ti parí ilé ẹ̀kọ́ gíráámà, ẹ jẹ́ kó lọ béèrè ní Komati nípa ẹ̀kọ́ iṣẹ́ iná oòrùn àti ti afẹ́fẹ́ tí wọ́n ṣètò síbẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ máa wá oníbàárà tí kò gbára lé ibùdó: àwọn olóko àgbàdo tó yí ìlú ká, ilé ìwé, àti àwọn awakọ̀ tó ń kọjá lọ sí Middelburg. Tí ìjọba tàbí Eskom bá pe ìpàdé ìlú lórí ọjọ́ tí wọ́n máa ti ibùdó, ẹ lọ pẹ̀lú àwọn oníṣọ́ọ̀bù yòókù, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ orúkọ yín sílẹ̀.