Ẹ má tíì wó ilé alámọ̀ bàbá yín

Ìbéèrè: Bàbá Bíríkìlà, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá wa fi ilé alámọ̀ oníyàrá mẹ́fà sílẹ̀ fún wa ní Òmù-Àrán. Páànù rẹ̀ ti dípẹtà, fèrèsé rẹ̀ kéré. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ máa gbé tí mo bá fẹ̀yìn tì. Àwọn àbúrò mi ní ká wó o, ká fi búlọ́ọ̀kù kọ́ tuntun, ká gbé éà-kọ́ńdíṣọ̀n sí i. Kí lẹ rí sí i?
Tìṣà Adéwọlé, Ìlọrin

Ìdáhùn: Tìṣà, ẹ bá mi bẹ àwọn àbúrò yín kí wọ́n ní sùúrù. Ẹ lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án gangan nínú oṣù Kẹta, kí ẹ gbé ọwọ́ lé ògiri yàrá bàbá yín. Ẹ ó rí i pé ó tutù. Ògiri amọ̀ tó nípọn tó ẹsẹ̀ kan àbọ̀, ooru ò tètè là á já. Búlọ́ọ̀kù tó níhò nínú ò tó o. Òrùlé ni ooru ilé yẹn ti ń wá. Àwọn bàbá wa mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń to igi, tí wọ́n ń tẹ́ amọ̀ lé e, tí wọ́n ń pè é ní àjà. Ẹ pààrọ̀ páànù, ẹ kan àjà sí gbogbo yàrá, kí ẹ dá ihò sílẹ̀ lókè fún ooru láti jáde, kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì dí i nítorí àdán. Kí páànù yọ síta dáadáa, kí òjò má bàa máa na ògiri.

Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá fi èyí bẹ̀ yín: ẹ má fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri amọ̀ yẹn. Mo ṣe é sí ilé ìyá ìyá mi ní Àjàṣẹ́-Ìpo. Ó dán, gbogbo ẹbí yọ̀. Kò ju ọdún méjì lọ tó fi ń dún kòròfo tí a bá kàn án. Òjò ọdún kẹta, ògiri ẹ̀yìnkùlé bó lulẹ̀ tòun ti amọ̀ inú rẹ̀. Omi ló ń ti ilẹ̀ gòkè, sìmẹ́ńtì ò sì jẹ́ kó gbẹ. Títí dòní ó ń dùn mí, torí ọwọ́ mi ló ṣe é. Amọ̀, yanrìn, koríko gígé àti ẹlẹ́bọ́tọ ni kí wọ́n fi rẹ́ tiyín. Kí wọ́n gbẹ́ gọ́tà yí ilé ká.

Fèrèsé, ẹ fẹ̀ wọ́n, kí wọ́n kọjú síra kí atẹ́gùn lè kọjá, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa fẹ̀ wọ́n, kí wọ́n sì gbé igi líle lé orí ihò kọ̀ọ̀kan. Balùwẹ̀ àti ilé ìdáná, búlọ́ọ̀kù ni kí ẹ fi kọ́ wọn sẹ́yìn. Páìpù omi ò gbọdọ̀ gba inú ògiri amọ̀.

Éà-kọ́ńdíṣọ̀n kan lè jẹ iná tí fáànù mẹ́wàá ń jẹ. Ilé tó ti tutù, sólà kékeré á gbé fáànù, gílóòbù àti tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n sólà wúwo lórí òrùlé. Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ mú ọ̀bẹ gun òkè lọ sábẹ́ páànù, kí ẹ gún igi òrùlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ọ̀bẹ bá ti wọ̀ wẹ́rẹ́, ikán ti jẹ ẹ́. Ẹ ka iye rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi.