Nínú Aláìsàn Mẹ́rin, Ta Ni Kí Nọ́ọ̀sì Kọ́kọ́ Lọ Bá?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Oṣù kẹta rèé tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù àwọn àgbà ọkùnrin, ní ilé ìwòsàn kan níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Lọ́jọ́ kan, bí àwọn tó ṣe iṣẹ́ alẹ́ ṣe gbé iṣẹ́ lé wa lọ́wọ́ tán láago 8 òwúrọ̀, aláìsàn mẹ́rin ń fẹ́ mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ọlọ́kadà kan tí ojúgun rẹ̀ ṣẹ́, tí wọ́n fi P.O.P., ẹfun líle tí wọ́n fi ń di egungun tó ṣẹ́, dì lálẹ́ àná, ń pariwo ìrora. Bàbá kan tó ní àtọ̀gbẹ ti gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì láago 7, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ tó lọ ra ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ní Tákìé kò tíì dé. Bàbá mìíràn, tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún lóru nítorí ìfun tó lu, dákẹ́ jẹ́ẹ́, omi nìkan ló ń bèèrè. Ẹnì kẹrin ti gbàṣẹ láti máa lọ sílé, àwọn ẹbí rẹ̀ sì dúró yí tábìlì wa ká, wọ́n ń bínú pé ìwé àwọn pẹ́. Ọ̀dọ̀ ọlọ́kadà ni mo sáré lọ, mo fún un ní abẹ́rẹ́ ìrora tí dókítà kọ. Ọ̀gá mi bá mi wí gidigidi. Ta ni ǹ bá kọ́kọ́ lọ bá, báwo ni mo sì ṣe máa mọ̀ ọ́n nígbà mìíràn?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Mo mọ bí ìbáwí ṣe máa ń dun ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, pàápàá nígbà tó bá jẹ́ pé àánú ló mú un sáré. Tó bá jẹ́ èmi ni, ọ̀dọ̀ bàbá tó dákẹ́, tó ń bèèrè omi, ni ǹ bá kọ́kọ́ lọ. Ǹ bá sì rán ẹlòmíràn sí bàbá alátọ̀gbẹ ní ìṣẹ́jú kan náà.

Gbogbo ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ni òǹgbẹ máa ń gbẹ, torí pé wọn kì í jẹ, wọn kì í mu ṣáájú, nítorí náà òǹgbẹ nìkan kì í ṣe ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n bí òǹgbẹ bá wá pẹ̀lú ọwọ́ tútù, ara tí kò balẹ̀, àti iṣan ọrùn-ọwọ́ tó ń lù kíkankíkan, kí ọkàn rẹ kọ́kọ́ lọ sórí ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó wà lára àgbàlagbà kò ju nǹkan bíi lítà 5 lọ. Bí ó bá ń dà sínú ikùn, níbi tí ojú kò tó, ara á kọ́kọ́ gbìyànjú láti gba ara rẹ̀ là: ọkàn á yára sí i, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà ní awọ ara á fún pọ̀, kí ìwọ̀nba tó kù lè tó ọkàn àti ọpọlọ lò. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ fi ń tutù, tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sì lè ṣì dára lójú ìwé títí ohun tó ti dà nù fi sún mọ́ ìdá 30 nínú 100 ẹ̀jẹ̀ náà. Nígbà tí ìfúnpá bá máa fi já wálẹ̀, ilẹ̀ ti ṣú.

Nítorí náà, má ṣe jẹ́ kí òǹkà kan ṣoṣo fi ọkàn rẹ balẹ̀. Gbé ìwé bàbá náà, kí o ka ohun tí wọ́n kọ láti òru títí di òwúrọ̀. Bí iṣan bá lù ní ìgbà 84 láàárín ìṣẹ́jú kan láago 12 òru, tó di 98 láago 4, tí ìwọ fúnra rẹ wá ka 116 láago 8, bàbá yẹn ti ń sọ nǹkan fún yín láti òru, bí kò tilẹ̀ la ẹnu. Wo àpò ìtọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó wọn kílò 60 yẹ kí ó máa tọ̀ tó mílílítà 30, ó kéré tán, láàárín wákàtí kan. Bí ìtọ̀ bá dínkù tó sì dúdú, ẹ̀jẹ̀ kò tó kíndìnrín lò mọ́. Ṣí aṣọ, wo ojú iṣẹ́ abẹ náà, kí o sì ti ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ dé orí bẹ́ẹ̀dì, nítorí ìsàlẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sí: báńdéèjì lè gbẹ lókè kí aṣọ bẹ́ẹ̀dì sì ti rin ṣìnkìn lábẹ́. Bí kò bá sì jẹ́ ẹ̀jẹ̀, ẹni tí ìfun rẹ̀ lu lè ní ìdọ̀tí kòkòrò àìsàn nínú ẹ̀jẹ̀, mímí rẹ̀ á sì yára kí ohun mìíràn tó hàn. Èyíkéyìí tí ì báà jẹ́, dókítà ni kí o pè lójú ẹsẹ̀. Má fún un lómi mu, nítorí wọ́n lè tún ní láti gbé e padà sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Fi òwú tútù pa á létè, kí o sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀.

Bí o bá ń pe dókítà, má ṣe sọ pé “bàbá yẹn ò gbádùn.” Sọ pé: “Dókítà, bàbá tí ẹ ṣiṣẹ́ abẹ ìfun fún lóru, ìlù iṣan rẹ̀ ti kúrò ní 84, ó ti di 116, mílílítà 25 péré ló tọ̀ láti wákàtí méjì, ọwọ́ rẹ̀ tutù, ara rẹ̀ kò balẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà nínú ni mò ń bẹ̀rù, mo fẹ́ kí ẹ wá wò ó báyìí.” Ọ̀rọ̀ kìíní, ẹni tó sùn lè fi í sílẹ̀ di ìgbà mìíràn. Ọ̀rọ̀ kejì á gbé e dìde.

Ní ti bàbá alátọ̀gbẹ, bí ínsúlínì yẹn bá jẹ́ irú èyí tó ń tètè ṣiṣẹ́, wákàtí kan láìjẹun ti pọ̀ jù, nítorí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ jù. Bí o ti ń kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́, kí i. Bí ó bá dáhùn geerege, tí kò làágùn, jẹ́ kí nọ́ọ̀sì kejì gún ìka rẹ̀ wo ṣúgà. Bí ó bá wà lábẹ́ 70 mg/dL, kí ó fún un ní ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí a pò mọ́ omi, kí ó tún un wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, kí ó sì wá oúnjẹ fún un láìdúró de ẹni tó lọ sí Tákìé. Ṣùgbọ́n bí òógùn bá bò ó, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já geere, òun náà ti di ẹni àkọ́kọ́ nìyẹn, kí ẹ pín ara yín sí méjì. Bí kò bá lè gbé nǹkan mì, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ojú iṣan ni kí glucose, ìyẹn omi ṣúgà, gbà wọlé. Láti ọjọ́ náà lọ, má ṣe gún aláìsàn ní irú ínsúlínì yẹn títí o ó fi fi ojú ara rẹ rí oúnjẹ rẹ̀ lórí tábìlì. Èyí tí wọ́n ní ó ń bọ̀ lọ́nà kì í ṣe oúnjẹ.

Ọ̀rọ̀ ọlọ́kadà wá kù, ibí yìí ni mo sì fẹ́ kí o fara balẹ̀ sí jù, nítorí mi ò rò pé ẹ̀bi pé o lọ bá a ló tóbi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí o ṣe nígbà tí o débẹ̀ ló kó ìdààmú bá mi. Ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ tí wọ́n dì pa lè wú nínú P.O.P. títí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní ráyè kọjá sínú ẹran ẹsẹ̀, ẹran náà sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í kú láàárín nǹkan bíi wákàtí 6. Àmì àkọ́kọ́ rẹ̀ ni ìrora tó ju bó ṣe yẹ lọ, èyí tí oògùn kò ká. Kí o tó fa abẹ́rẹ́, di ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, kí o rọra tẹ̀ ẹ́ sókè. Bí ó bá lọgun, tàbí tó ní ìka náà kú tipiri, tàbí tí ìka tutù tó sì ṣì, gbé ìpè lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí o sì wá irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń la P.O.P. sí ìtòsí. Bí o bá gún un lábẹ́rẹ́ láìwo ẹsẹ̀, tó wá sùn lọ, ẹnu kan ṣoṣo tí ẹsẹ̀ yẹn fi ń sọ̀rọ̀ lo pa dé. Bí ẹsẹ̀ bá wá dára, òun ló kàn fún abẹ́rẹ́, nítorí ìrora kì í ṣe ohun tí à ń fi sílẹ̀ di ọ̀sán.

Ẹni tó ń lọ sílé lè dúró. Sọ fún àwọn ẹbí rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ó di aago 10, kí o sì mú àdéhùn náà ṣẹ.

O bèèrè bí o ṣe máa mọ̀ ọ́n nígbà mìíràn. Ní ilé ẹ̀kọ́, wọ́n kọ́ wa ní ọ̀nà ọ̀fun, mímí, àti lílọ-bíbọ̀ ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí: ohun tó ń tètè pani là ń kọ́kọ́ dojú kọ. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa níbí, ìkíni lè tàn ọ́ jẹ. Bí o bá bèèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà pé ṣé ara ti yá, “A dúpẹ́” ni yóò sọ, ì báà ṣe pé ẹ̀mí ń bọ́ lára rẹ̀. Nígbà tí mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́, bàbá àgbẹ̀ kan láti ìhà Ìkòyí dúpẹ́ báyìí lọ́wọ́ mi, mo sì kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń pariwo. Nígbà tí mo padà lẹ́yìn wákàtí kan, kò mọ ibi tó wà mọ́. Ọlọ́run bá wa ṣe é, ó là á já. Àwọn Yorùbá ní ẹni tó dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́; ní wọ́ọ̀dù, àwa ni a kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, kí o tó fọwọ́ kan iṣẹ́ kankan, rìn yí gbogbo bẹ́ẹ̀dì ká láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà bí ó ti yẹ, nítorí ẹni tó kúnlẹ̀ ni ojú rẹ̀ ń bá àpò ìtọ̀ àti rọ́bà tó ń fa ẹ̀jẹ̀ jáde ṣe déédéé. Di ọwọ́ wọn mú bí o ti ń kí wọn, kí o lè mọ̀ bóyá ó gbóná tàbí ó tutù. Má bèèrè bóyá ara yá; bèèrè ohun tó yàtọ̀ sí ti àná. Ẹni tí ojú rẹ kò bá gbà, dúró ka mímí rẹ̀ fún odidi ìṣẹ́jú kan. Láti 12 sí 20 ló yẹ kí ó wà. Tó bá ti di 25, ewu ti wà níbẹ̀. Mo ti rí ìwé tí wọ́n kọ 20 sí fún gbogbo wọ́ọ̀dù láti alẹ́ mọ́jú, tí ẹnikẹ́ni kò ka mímí ẹyọ ẹnì kan. Ka tìrẹ fúnra rẹ. Bí iyè méjì bá sì ṣe ọ́ lórí aláìsàn kan, pe ọ̀gá rẹ tó bá ọ wí yẹn, kí ó fi ọwọ́ tirẹ̀ náà kan án.